Ìyá Wa àti Àga Ọlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì, kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé ẹnu mi ò mọ rere í sọ. Nígbà tí iyè ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ra, wọ́n ra àga fún un. Kì í ṣe àga yẹpẹrẹ o. Fútẹ́ẹ̀lì ńlá aláwọ̀ pupa ni, láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí á tú u, kó má bàa dọ̀tí. Wọ́n gbé e wọ kúrù wa ní Adjamé, l'Abidjan, ìyẹn agbo ilé tí àwa àti àwọn Jùlá, ẹ̀yà kan nílẹ̀ Ivory Coast, jọ ń gbé, gbogbo ayálégbé sì jáde wá wòran. Ẹni tó bá mọ ooru Abidjan á mọ ohun tí láílọ́ọ̀nù ń ṣe fún itan àgbàlagbà. Tí Màámi bá fẹ́ dìde, àga náà á kọ́kọ́ fa awọ rẹ̀ mọ́ra kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlá ni. Ọlá wo ni kì í ta èèyàn lára díẹ̀?

Ìyá wa kì í ṣe ẹni tó mọ àga í jókòó lé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá bàbá wa wá, abọ́ tánganran ló sì ń tà ní ọjà Adjamé Roxy títí eegun rẹ̀ fi kọ̀. Orí àpótí kékeré ló jókòó lé tó fi tọ́ wa dàgbà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á kí eléyìí, á bú tọ̀hún, á fi Jùlá ná ọjà, á fi Yorùbá ṣépè, á wá fi ìwọ̀nba Faransé tó gbọ́ lé ọlọ́pàá lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló rán wa níléèwé.

Àwa mẹ́ta ló bí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó kọ́lé sí Yopougon nítòsí Siporex, ó sì jẹ́ díákónì ní ìjọ wa. Èkejì náà ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" nígbàkúùgbà tí àgbà bá sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni àbígbẹ̀yìn. Mo ń ta òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà Adjamé, mo sì ti kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tó kó ẹrù kúrò nílé ọkọ, tí ẹbí bá ń ṣèpàdé, omi tútù ló ń gbé kiri.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, ní bí ọdún mélòó kan kó tó di pé ìjọba gé iye owó sẹ́fà tí à ń ná níbí sí méjì. Màámi á gbé ọbẹ̀ kaná, á jáde, á gbàgbé pé òun ní ọbẹ̀. Á bi mí pé ṣé bàbá wa ti dé láti ọjà, bàbá tí a ti sin láti ayébáyé. Lọ́jọ́ kan, ó múra, ó lọ sí Roxy, ó jókòó síbi ìsọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹni tó ni ìsọ̀ dìde. A gbé e lọ sí òpítàlì. Dókítà wò ó, ó wò mí, ó ní "C'est l'âge, madame," ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ló fà á. Háà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ǹ bá máa rò pé ìyá mi ṣì ń mu ọmú ni.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà pàṣẹ. Ó ní Màámi ti ṣiṣẹ́ tó. Ó ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọbẹ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan odó. Nínú tiwa, ẹni tó bá rí ìyá rẹ tó mú ìgbálẹ̀ dání, ìwọ ọmọ ló máa bú. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ìyá ẹni tó kọ́lé sí Yopougon, tó ń gbálẹ̀." Nítorí náà a gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé léèsì wọ̀ ọ́, a gbé e ka orí fútẹ́ẹ̀lì. Mo gbà pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ìfẹ́ náà kàn láápọn púpọ̀ ni.

Àwọn àlejò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Àwọn ará ìjọ wá, àwọn ọmọ ìlú wá, àwọn tí wọ́n jọ tajà ní Roxy wá. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀! Kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀ tán, ìbéèrè ti jáde lẹ́nu wọn.

"Màmá, ṣé ẹ dá mi mọ̀?"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́ gbogbo ayé ní ìbéèrè yìí. Èèyàn kúrò nílé rẹ̀, ó wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì èrò ibí, ó ra búrẹ́dì dání, nítorí kó lè wá ṣe ìdánwò sẹ̀tífíkà fún ìyá arúgbó. Màámi á wò wọ́n lójú, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Mo dá yín mọ̀ kẹ̀." Ṣé wọ́n á jẹ́ kó mọ síbẹ̀? Rárá o. "Ó yá, ta ni mí?" Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́: "Ẹ rántí ẹni tó wọ búlúù lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ rántí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ga." Màámi á máa làágùn. Á máa fi ìka fa láílọ́ọ̀nù àga. Mo rí ìtìjú lójú ìyá mi tí mi ò rí rí nígbà tó fi ń bá ọlọ́pàá jà, inú sì ń bí mi débi pé mo fẹ́ gba ife omi lẹ́nu obìnrin náà.

Tó bá ti fìdí rẹmi tán, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Háà, ayé o! Màmá tó já fáfá yìí!" Wọ́n á sọ ọ́ níwájú rẹ̀, bí ẹni pé etí ló di tí kì í ṣe iyè ló ra. Wọ́n á mu omi tútù mi, wọ́n á lọ, wọn ò sì ní padà wá. Ṣé wọ́n á máa wá sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni? Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹsẹ̀ àlejò dá pátápátá. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá, ẹnu ọ̀nà ló ti ń nà án sí mi, á ní òun ń kánjú.

Bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe ku òun nìkan pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tẹlifísọ̀n kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè máa rí ojú èèyàn. Ó rí i lóòótọ́. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wọ kóòtù ka ìròyìn. Màámi máa ń kí i: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin náà ẹ kú ooru." Ọkùnrin náà á máa sọ tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, Màámi yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni òun fi ṣẹ ọkùnrin yìí tí kì í fi í dá òun lóhùn. Láti ìgbà náà, ó dẹ́kun kíkí rẹ̀. Ó dẹ́kun kíkí gbogbo èèyàn. Ó ń jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tó gbé lé itan, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún.

Èmi náà ní láti lọ sọ́jà, torí bọ́tìnnì kì í ta ara rẹ̀. Mo bá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá wa sílẹ̀ fún Jùlá tó ń gbé yàrá kejì, kó máa bá mi yọjú wò ó. Obìnrin yìí ń se ẹ̀wà tà fáwọn awakọ̀ gbàkà. Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni o. Ariwo rẹ̀ nìkan lè jí òkú, a sì ti jà lórí okùn aṣọ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú arúgbó níbì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ dí, lílọ bíbọ̀ sí yàrá wa sì ń jẹ àkókò rẹ̀. Ó kàn fa Màámi jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín kúrù, ó fi í jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tó o, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa yíjú padà, Màámi ti fa àtẹ ẹ̀wà sórí itan, ó ń ṣà á.

Nígbà tí mo ti ọjà dé, mo rí ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo rí fútẹ́ẹ̀lì lófìfo. Mo ti fẹ́ figbe ta kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti abẹ́ máńgòrò. Ọmọ ìlú wa kan tó wá gbé omi ló ń kọjá, ó sì sọ ohun tí ọmọ Yorùbá kò lè ṣàì sọ fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Òo, ẹ ṣé o!" Màámi dáhùn láìgbójú sókè. "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o!"

"Wọ́n á gbọ́, ma."

Obìnrin náà lọ tirẹ̀. Ẹlòmíì kọjá, ó tún kí i. Àwọn Jùlá náà ní tiwọn, "I ni baara," òun náà ni ẹ kú iṣẹ́. Màámi ń dá wọn lóhùn pé "Nse," bó ṣe ń ṣe é ní Roxy láyé ọjọ́sí. Mo dúró síbẹ̀, ẹrù ọjà ṣì wà lórí mi, mo ń sunkún bí òmùgọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè pé ta lòun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n kí i kú iṣẹ́, ó jẹ́ ẹ, ó tán. Ta ló lè kí ẹni tí wọ́n gbé jókòó sórí fútẹ́ẹ̀lì kú iṣẹ́? Iṣẹ́ wo?

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ máńgòrò di ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin kúrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì wá, wọ́n ń gbé ewébẹ̀ wá, wọ́n ń jókòó tì í. Èmi náà da bọ́tìnnì pupa pọ̀ mọ́ funfun, mo ní kó bá mi yà wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín pé iyè rẹ̀ padà. Kò padà. "Ìwọ yìí" ló ń pè mí títí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀wà ló ń dà nù, tó ń ṣa òkúta sínú ìkòkò, eyín awakọ̀ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Awakọ̀ náà bú Jùlá, Jùlá bú mi, mo bú awakọ̀ náà padà. Láti ìgbà náà ni Jùlá ti ń tún ẹ̀wà ṣà bí Màámi bá ti wọlé. Ó ń kùn, ó ní wàhálà ìyá mi ti sọ iṣẹ́ kan di méjì fún òun. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun náà ló tún máa ń kan ìlẹ̀kùn: "Màmá dà? Ẹ̀wà ti dé o." Màámi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń bú ẹ̀wà Jùlá pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹun.

Ṣé inú ẹbí dùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ará ìjọ kan ló wá sí kúrù, ó rí Màámi pẹ̀lú àtẹ lórí itan, ẹsẹ̀ lásán. Kí a tó ṣe ìsìn Sọ́ńdè tán, ọ̀rọ̀ ti yí ìjọ po: ìyá díákónì ti di ọmọ ọ̀dọ̀ Jùlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ọkọ lé ló fi í háyà. Ọkọ ò sì lé mi o, èmi ni mo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ìjọ wá tààrà, pẹ̀lú agbádá funfun, èkejì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn.

"Orúkọ wo, Bọ̀ọ̀dá? Ṣé èyí tí Màámi ti gbàgbé?"

Mo mọ̀ pé ó dùn ún. "Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ó ti jìyà tó lórí wa. Mo fẹ́ kó sinmi."

"Bọ̀ọ̀dá, kò sinmi lórí àga yẹn. Ó dá wà ni. Ẹ wá jókòó tì í fún ọjọ́ kan péré kí ẹ rí i."

"Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Kó máa lọ sílé. Sátidé tó ń bọ̀."

Èkejì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ilé tó ń wí yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Àwa tí a ń ṣòwò nílẹ̀ yìí, a kì í sinmi àfi tí a bá kọ́lé sílé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó fi kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì sẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Aláǹgbá ló ń sùn ní yàrá àlejò. Kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá wa láyé mọ́, kò sí àbúrò rẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ti kú tán. Wọ́n á bá a wá ọmọdébìnrin kan tí á máa fún un lóúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní afẹ́fẹ́ tútù wà níbẹ̀, àti pé ìgbẹ́yìn àgbà, ilé rẹ̀ ló yẹ kó wà. Àwọn ará ìjọ ní ó ṣe bí ọmọ gidi.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tan yín. Mo mọ̀ pé bí Màámi bá wọnú ilé yẹn, ó máa dákẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi máa kú. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ sí Yopougon, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú ìyàwó rẹ̀, èmi tí orúnkún mi le yìí. Ó ní kí n dìde, ó fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ní òun ti sanwó ọkọ̀. Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Màámi, mo ń dì í, mo ń ṣépè.

Sátidé pé. Ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kúrù láàárọ̀, awakọ̀ ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Màámi ti wà lábẹ́ máńgòrò, torí Jùlá kò mọ Sátidé yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ kó lè dúró fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Màámi gbójú sókè, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ yìí, ìgbà yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Oòrùn ti yọ! Jókòó, o jàre."

Ó ti àpótí kan sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi náà wo ọ̀run. Kò sí bí ọmọ tí Màámi tọ́ ṣe lè gbọ́ "jókòó" ní irú ohùn yẹn kó dúró. Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Màámi da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà síwájú rẹ̀ lórí àtẹ.

Ó kọ́kọ́ ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń mú nǹkan gbígbóná. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ òsì fẹ̀ ẹ́ ká, ó fi àtàǹpàkò gbá òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mi àtẹ, ó fẹ́ ìyàngbò. Àṣé ọwọ́ kì í gbàgbé. Kí wọ́n tó bí mi, òun ni àkọ́bí tó máa ń bá Màámi ṣa ẹ̀wà kó tó lọ síléèwé. Awakọ̀ fọn fèrè.

Màámi dẹ́kun ṣíṣà, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"O mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní. "Ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa."

"Ó kọ́ mi, ma." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò ròkè.

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà, ma."

"A dúpẹ́. Ìwọ wá wà níbí láàárọ̀ yìí. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Omi ń já bọ́ láti ojú ẹ̀gbọ́n mi sórí ẹ̀wà Jùlá. Màámi kò rí i, ó ti padà sídìí àtẹ tirẹ̀, ó kàn ń retí èsì.

"Èmi ni, ma," ó ní nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"O ṣeun. Má fi òun nìkan sílẹ̀ o. Kò dáa."

Fèrè ọkọ̀ tún dún. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè. Ó ní kí n lọ sọ fún awakọ̀ kó máa lọ.